Iṣẹ́ Tí Nọ́ọ̀sì Kò Ráyè Ṣe

Bí aláìsàn bá kú sí ọsibítù, tí ọ̀rọ̀ náà sì rú ẹbí lójú, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ohun tí wọ́n ṣe fún un. Abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún un? Ta ló gún un? Omi mélòó ni wọ́n fà sí i lára? Ìbéèrè gidi ni, nítorí àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù gbogbo ayé. Ní 1999, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde pé ó tó ènìyàn 44,000, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 98,000, tí àṣìṣe ń pa ní ọsibítù wọn lọ́dọọdún. Ariwo ta. Láti ìgbà náà, ojú gbogbo ènìyàn wà lára ohun tí oníṣègùn ṣe tí kò yẹ kó ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ìwádìí ló wá yí ìbéèrè náà padà: kí ló yẹ kí wọ́n ṣe fún aláìsàn yìí tí wọn kò ṣe?

Ní 2006, Beatrice Kalisch, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Michigan, kó àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù méjì jọ, ó ní kí wọ́n sọ òótọ́ fún òun. Wọ́n sì sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn kì í ráyè yí aláìsàn padà lórí ibùsùn. Àwọn kì í ráyè gbé e dìde kó rìn. Oúnjẹ rẹ̀ a ti tutù kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n dárúkọ ẹnu tí wọn kò fọ̀, ìtọ̀ tí wọn kò wọ̀n, ẹni tó ń lọ sílé tí wọn kò kọ́ ní bí yóò ṣe lo oògùn rẹ̀, àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí wọn kò bá sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ yìí tó ń pariwo. Bí nọ́ọ̀sì bá gún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn, gbogbo wọ́ọ̀dù yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí kò bá yí bàbá àgbà padà ní aago méjì òru, ta ni yóò mọ̀? Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni egbò yóò yọ, nígbà tí ẹlòmíràn wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní í so ó mọ́ òru ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn Kalisch ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ tí a kò ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tó jáde ní 2014 bi àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù 46 léèrè nípa ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn: 86 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ó kéré tán ohun kan wà tí àwọn kò ráyè ṣe. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni bíbá aláìsàn sọ̀rọ̀ àti títù ú nínú. Jane Ball tó darí ìwádìí yẹn tún bá àwọn mìíràn wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó lé ní 420,000 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọsibítù 300 káàkiri orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù. Ìwé yẹn jáde ní 2018. Bí iṣẹ́ tí a kò ṣe bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ewu kí aláìsàn kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 16 lé sí i. Ṣáájú ìyẹn, ní 2002, Linda Aiken ti fi ìwádìí ọsibítù 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania hàn pé bí a bá fi aláìsàn kan ṣoṣo kún ẹrù nọ́ọ̀sì kan, ewu ikú ń fi ìdá 7 lé. Ìwádìí méjèèjì bá ara wọn mu: bí nọ́ọ̀sì bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ ń pọ̀ sí, àwọn iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ yìí sì ni ikú ń gbà wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Ní Nairobi, àwọn olùwádìí kò tilẹ̀ bi nọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Wọ́n jókòó sínú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun tí ara wọn kò le, wọ́n ń wò, wọ́n sì ń sàmì sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ṣe àti èyí tí wọ́n fò. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún ọmọ tí wọn kò ṣe pọ̀ gan-an, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọmọ tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan ti ń pọ̀ sí i.

Ní ilẹ̀ Yewa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ yìí ní bó ṣe rí. Ọsibítù ìjọba ní Ìlaròó àti Ayétòrò ni ọ̀pọ̀ abúlé gbójú lé. Aláìsàn ń ti Ọjà-Ọ̀dàn wá, ó ń ti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí wá níbi tí amọ̀ dúdú máa ń gbé ọ̀kadà mì bí òjò bá ti rọ̀, àwọn mìíràn sì ń ti Pọ̀bẹ́ tàbí Kétu kọjá ẹnubodè wá, nítorí pé ẹbí ni wọ́n kó tó di pé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sáàárín wọn. Èyí tó bá le jù, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí, sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà. Ẹni tó bá fi máa dé orí ibùsùn ti jìyà lọ́nà, ara rẹ̀ kò lè fara da kí a tún gbàgbé rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ọ̀sì ń dín kù. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó rárá. Ní Fẹ́búárì 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí lórílẹ̀-èdè yìí ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí òun fún òkè òkun gbọ́dọ̀ ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn. Èmi kò rò pé òfin bẹ́ẹ̀ lè fi nọ́ọ̀sì kún wọ́ọ̀dù. Owó oṣù, ilé gbígbé, àti ọ̀wọ̀ ló lè ṣe é. Títí ìyẹn yóò fi dé, ohun tó kù ni pé kí a mọ iṣẹ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fò bó ti wù kí ọwọ́ dí, kí ẹbí tó ń dúró ti aláìsàn sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Yíyí aláìsàn padà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹni tí ọ̀kadà gbá tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣẹ́, arúgbó tí eegun ìbàdí rẹ̀ kán, gbogbo wọn ń dùbúlẹ̀ sójú kan. Ẹran ara tó wà láàárín eegun ìdí àti fóòmù ni ìwúwo ara ń tẹ̀. Bí ìtẹ̀ náà bá ti ju agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba inú àwọn òpó tín-ín-rín kọjá, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ẹran ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú wá. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, ara á ta á, á sì yí padà lójú oorun láìmọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé ibẹ̀ ń dun òun. Nígbà tí awọ bá fi máa là, ihò tó wà nísàlẹ̀ ti fẹ̀ ju ẹnu egbò lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kòkòrò àìfojúrí á gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹbí á ní rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá àwọn, bẹ́ẹ̀ egbò ìdí ló pa á.

Doreen Norton, nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ jẹ lógún débi pé wọ́n fi ìwádìí yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣáájú rẹ̀, spirit, òróró àti pọ́ńdà ni àwọn nọ́ọ̀sì ń fi pa ìdí àti gìgísẹ̀ aláìsàn, olúkúlùkù ló sì ní èyí tó gbà gbọ́. Norton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán wọn wò lára àwọn arúgbó ní ọsibítù, ìwé wọn sì jáde ní 1962: kò sí ìpara kan tó dá egbò dúró. Yíyí aláìsàn padà lóòrèkóòrè ló dín in kù. Wọ́n tún ṣe òṣùwọ̀n kan tí nọ́ọ̀sì lè fi mọ ẹni tí egbò yóò mú kó tó mú un, ìbéèrè márùn-ún péré: báwo ni ara rẹ̀ ṣe le sí, ṣé ọkàn rẹ̀ pé, ṣé ó ń rìn, ṣé ó lè yí ara rẹ̀, ṣé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀. Máàkì tó ga jù ni 20. Ẹni tó bá gba 14 sísàlẹ̀ wà nínú ewu. Kò gba iná ìjọba, kò gba ẹ̀rọ, kò gba kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn 1962 ni wákàtí méjì-méjì di òfin káàkiri ayé. Ní 2013, Nancy Bergstrom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán òfin náà wò ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó 27 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Wọ́n yí àwọn kan padà ní wákàtí méjì-méjì, àwọn kan ní mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn kan ní mẹ́rin-mẹ́rin. Egbò kò yàtọ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi èyí ṣe àwáwí. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé orí fóòmù líle tó nípọn dáadáa ni gbogbo àwọn arúgbó yẹn sùn. Fóòmù tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ènìyàn lè fọwọ́ kan irin bẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí nínú ìwádìí wọn. Ẹni tí aláìsàn rẹ̀ bá wà lórí irú ìyẹn, kó má fi wákàtí méjì ṣeré.

Ohun kan tún wà tí ìwé òyìnbó kò rò tiwa mọ́ ọn. Wọ́n ní kí a máa wá ibi tí awọ bá ti pọ́n. Awọ dúdú kì í sábà pọ́n. Ibẹ̀ á dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí kó gbóná, tàbí kó le, tàbí kó rọ̀ bí ohun tó ní omi nínú. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n ju ojú lọ, àti ní ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì tó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ìdí aláìsàn lóru kò lè rí i.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ ti pọ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn láti ìgbà Ebola àti Kòrónà, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ní ọsibítù yunifásítì Geneva, Didier Pittet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọtí tí a fi ń pa ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Láàárín 1994 sí 1997, iye ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń nu ọwọ́ wọn gòkè láti 48 dé 66 nínú ọgọ́rùn-ún, àrùn tí aláìsàn ń kó ní ọsibítù sì wálẹ̀ láti bí 17 sí bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì ló yí padà. Àwọn dókítà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìwé wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Àwọn kan náà ló rí i pé bí iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ lọ́wọ́ ni ọwọ́ fífọ̀ ń dín kù: ìṣẹ́jú kan ni omi àti ọṣẹ ń gbà, ọtí ọwọ́ kò gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù Point G ní Bamako, ní ilẹ̀ Málì, ọsibítù náà ló po ọtí náà fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ọwọ́ nínù gòkè láti 8 dé bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yẹn ṣì kéré, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ìlànà yẹn fẹ́ kí ọtí inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ògógóró tàbí sódàbì nu ọwọ́ kó sọ pé òun ti mọ́. Ọwọ́ mímọ́ yìí ń gba nọ́ọ̀sì náà là. Ní 1969, ní abúlé Lassa ní ìhà àríwá wa, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ní ọsibítù míṣọ́nnárì, kó àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó sì kú ní Jọ́ọ̀sì. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó o, ó kú. Lily Pinneo tó tọ́jú Shaw kó o pẹ̀lú, òun ló yè. Ibà Lásà tí a mọ̀ lónìí nìyẹn, ó sì ti dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn ẹnubodè wa.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ohun mẹ́sàn-án kalẹ̀ tí ọsibítù lè fi dín ewu kù, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí a lo àmì méjì, ó kéré tán, láti mọ aláìsàn kí a tó fún un ní oògùn tàbí ẹ̀jẹ̀. Orúkọ ni àkọ́kọ́, ọjọ́ ìbí sì ni wọ́n sábà ń fi ṣe èkejì. Ẹ wá wò ó nílẹ̀ wa. Igbó-Ọrà, níbi tí Patrick Nylander ti rí i ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn pé ìbejì lé ní 40 nínú ẹgbẹ̀rún ìbí, kò jìnnà sí Ayétòrò. Táíwò méjì, Kẹ́hìndé mẹ́ta nínú wọ́ọ̀dù ọmọdé kan kì í ṣe ohun ìyanu. Nínú wọ́ọ̀dù àgbà, àwọn ìyá tó ń jẹ́ Ṣìfáwù tàbí Ìdòwú pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn: ọdún tí afárá wó tàbí tí ọba kan wàjà ni wọ́n mọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní tí akọ̀wé kọ sí káàdì gbogbo wọn kì í ṣe àmì kankan, ó kàn dàbí àmì ni. Èrò tèmi ni pé agboolé ló yẹ kí a fi ṣe àmì kejì nílẹ̀ wa. Kò sí ìyá àgbà Yewa tí kò mọ agboolé tó ti wá àti orúkọ àkọ́bí rẹ̀.

Bí a ṣe ń bèèrè tún ṣe pàtàkì. Bí nọ́ọ̀sì bá ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Súléè?" bàbá tí etí rẹ̀ ti di á mi orí, nítorí ọmọlúàbí kì í já nọ́ọ̀sì kulẹ̀. Bí ó bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín? Agboolé wo lẹ ti wá?" bàbá gbọ́dọ̀ la ẹnu, kó sì sọ ọ́. Ní wọ́ọ̀dù tí àwọn Ègùn àti ará Ọ̀họ̀rí wà, ìbéèrè yẹn tún ń jẹ́ kí a mọ̀ bí a nílò ẹni tí yóò túmọ̀. Ọmọdé tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá ni a sábà ń lò, ọmọdé a sì máa fò ohun tó bá tì í lójú láti sọ.

Oògùn ẹnubodè ni ewu tí mo rò pé a fojú fò jù. Ilé mélòó ní Ìlaròó, Ìdí-Ìrókò tàbí Ìmẹ̀kọ ni kò ní oògùn tí wọ́n rà ní Kútọnu? Èdè Faransé ló wà lára páálí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Doliprane tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Pàrásítámọ́ọ̀lù ni. Àwọn hóró rẹ̀ kan jẹ́ míligíráàmù 1,000, ìlọ́po méjì hóró 500 tí a ń rà níhìn-ín. Ká ní ìyá kan ń lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún orúnkún rẹ̀, ó sì fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù. Dókítà kọ pàrásítámọ́ọ̀lù méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún un. Ó ti di 6,000 lójúmọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá 4,000. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀, ojú lè máa pọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nọ́ọ̀sì kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí dókítà kọ ló fún un. Ìbéèrè kan ni kò ráyè bèèrè: "Ìyá, kí lẹ ti ń lò nílé?" Bí ó bá sì bèèrè, kó bèèrè àgbo mọ́ ọn, kó má fi ojú líle bèèrè. Ẹni tí a bá bú nítorí àgbo lẹ́ẹ̀kan kò tún ní í jẹ́wọ́ mọ́ láé.

Ṣíṣọ́ aláìsàn ńkọ́? Èémí, ìlù ọkàn, ìfúnpá, ìgbóná ara: ara máa ń fi àmì hàn fún wákàtí bíi mélòó kan kí aláìsàn tó dákú. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà gan-an ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tó wù mí jù lórí èyí. Adégòkè Fáladé ti Yunifásítì Ìbàdàn, Hamish Graham láti Ọsirélíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú ọsibítù 12. Kí wọ́n tó dé, ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọ́síjìn wọn ti wálẹ̀ kò sì rí ọ́síjìn gbà. Wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ ìka, wọ́n kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn ńláńlá dé, pẹ̀lú iná oòrùn níbi tó bá yẹ. Ìwé wọn jáde ní 2019, ó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ẹ̀rọ ìka àti ẹ̀kọ́ tó bá a wá ló ti yí ìtọ́jú padà ṣáájú, a kò sì rí ẹ̀rí tó dájú pé ẹ̀rọ ńlá fi nǹkan púpọ̀ lé e ní ti gbígba ẹ̀mí là. N kò sọ pé ọsibítù kò nílò ẹ̀rọ ọ́síjìn o. Ṣùgbọ́n olóṣèlú tó ń ṣí ẹ̀rọ ńlá níwájú kámẹ́rà, tí kò ra ẹ̀rọ ìka fún wọ́ọ̀dù, ìdí ọ̀rọ̀ kò yé e.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún ṣe rí náà nìyẹn. Ojú lásán kò lè wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí. Ìwádìí E-MOTIVE, tó jáde ní 2023, ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, South Africa àti Tansaníà, lára obìnrin tó lé ní 210,000. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá alámì sábẹ́ ìyá, èyí tó ń fi iye ẹ̀jẹ̀ hàn. Bí ó bá ti dé ibi àmì, agbẹ̀bí á ṣe gbogbo ohun tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà: á ra ilé ọmọ, á fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró àti omi, á sì wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le gan-an, tàbí iṣẹ́ abẹ tàbí ikú nítorí rẹ̀, wálẹ̀ láti 4.3 sí 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí wọ́n ti ń fi ojú wò ó, ìdajì àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ya ni wọ́n rí. Níbi tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá, wọ́n rí 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ oògùn gbọ́dọ̀ lágbára. Oxytocin kò fẹ́ ooru, inú fíríìjì ló ń gbé, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 sì rí i pé ó ju ìdajì lọ nínú èyí tí wọ́n rà ní Nàìjíríà tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Iná tó ń lọ, tó ń bọ̀ ní ọsibítù jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Mo ní ohun kan láti sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlaròó àti níbi gbogbo ní Ògùn. Láti 1965 tí Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, ní ayé ìgbà tí Kofoworola Pratt jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní UCH, ọsibítù yunifásítì náà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn níbẹ̀, a ti gbà pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa ṣèwádìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ prójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dì, tí wọ́n ń tò sórí pẹpẹ, fọ́ọ̀mù ìbéèrè ni: ṣé o mọ̀ nípa ọwọ́ fífọ̀? Ṣé o máa ń fọ ọwọ́? Nọ́ọ̀sì wo ni yóò kọ pé òun kì í fọ̀? Ìwádìí ti fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tí òṣìṣẹ́ sọ pé òun ń ṣe ju ohun tí a rí i tó ń ṣe lọ. Ẹ jókòó sí wọ́ọ̀dù, ẹ ka iye aláìsàn tí kò lè yí ara rẹ̀, ẹ kọ aago tí wọ́n yí i àti aago tí wọn kò yí i, ẹ ka egbò tó yọ. Oṣù kan tó. Irú prójẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lè yí wọ́ọ̀dù padà, mátírọ́ọ̀nù sì lè gbé e lọ bá ìjọba láti fi bèèrè fún nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì.

Ìwọ tí o ní aláìsàn lórí ibùsùn lónìí, má dúró de ìjọba. Kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá kan, ti Kútọnu àti ti Ìlaròó, kó ìgò àgbo mọ́ ọn, kí o sì gbé e fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbà yín wọlé. Bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí o ṣe lè yí aláìsàn rẹ padà, kí ó fi hàn ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí a ń dá yí. Lẹ́yìn náà, fi fóònù rẹ sí wákàtí méjì-méjì, kí ẹ̀yin tí ẹ ń dúró tì í máa gba ara yín, kí ẹ sì máa kọ aago sílẹ̀ nínú ìwé kékeré kan. Bí èémí rẹ̀ bá yí padà, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ, lọ jí nọ́ọ̀sì, kódà bí ó bá jẹ́ ìgbà kẹta lóru náà. Bí ó bá kanra, bẹ̀ ẹ́, "Sístà, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó," kí o má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi wò ó.